Bí káńsù ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá aṣòfin ìpínlẹ̀, kí ó sì di òfin tàbí ìlà nínú ìṣúná

Alága káńsù á kó igbákejì rẹ̀ àti kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà-méje sẹ́yìn, wọ́n á lọ kí ọnọ́rébù tó ń ṣojú wọn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé dání á gùn bí ìwé ìgbéyàwó: títì, tiransifọ́mà, omi ẹ̀rọ, ọlọ́pàá, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀kúnwó fún òṣìṣẹ́. Ọnọ́rébù á gbọ́ wọn, á ní òun á ṣe é, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, kò sí àbádòfin, kò sí ìlà kankan nínú ìṣúná, àwọn kánsẹ́lọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọnọ́rébù ti gbàgbé ilé.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọnọ́rébù kò gbàgbé. Ohun tí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, tàbí kó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò gbé e kalẹ̀ lọ́nà tó lè gbà wọ inú Ilé. Ibẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Mo kọ ọ́ fún àwọn alága káńsù, kánsẹ́lọ̀, akọ̀wé káńsù, àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó máa ń bá wọn kọ́wọ̀ọ́ rìn, ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá ní Nàìjíríà.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹ̀dà tó ní àwọn àtúnṣe nínú. Ẹ fi àmì sí abala 7, 100, 121, 128 àti 162, kí ẹ sì fi òmíràn sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ yín gan-an. Ẹ má gba èyí tí wọ́n tẹ̀ ní àtijọ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé Ilé Aṣòfin, kí ẹ béèrè àtúnṣe tó kẹ́yìn.

Ìṣúná ìpínlẹ̀ ti ọdún yìí, pẹ̀lú ìṣúná káńsù fúnra rẹ̀.

Orúkọ gbogbo ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó wà nínú Ilé, àti àwọn tó jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì akọ̀wé náà lẹ ti máa rí i.

Ẹnì kan tó mọ̀wé kọ, tó sì ní sùúrù. Ó lè jẹ́ amòfin káńsù, ó lè jẹ́ olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Láìsí ẹni yìí, ẹ má tíì jáde nílé.

Ìpele kìíní: Ẹ ya iṣẹ́ aṣòfin sọ́tọ̀

Ìpele yìí ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ káńsù ti ń pàdánù kí wọ́n tó kúrò ní sẹkitéríàtì.

Ohun mẹ́ta ni aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe fún yín. Ó lè gbé òfin tuntun wá tàbí kí ó tún èyí tó wà ṣe. Ó lè jà kí ìlà kan wọ inú ìṣúná ìpínlẹ̀, tàbí kí wọ́n má ṣe yọ èyí tó ti wà níbẹ̀. Ó sì lè mú kí ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé pe iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, nítorí abala 128 fún Ilé lágbára láti ṣèwádìí. Òfin, ìṣúná, àbójútó. Ohun tí kò bá bọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ìlú ń fẹ́ sílẹ̀, kódà bó bá tó ogójì. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ òfin, ìṣúná tàbí àbójútó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá gba ọ̀kankan, ẹ fi igi fà á.

Títì ìjọba àpapọ̀ tó gba àárín ìlú yín kọjá, ọ̀dọ̀ aṣojú-ṣòfin àti sẹ́nétọ̀ ní Àbújá ni ẹ máa gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá náà, Àbújá ni. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ti yí padà: àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ní 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Nítorí náà, bó bá jẹ́ òfin iná ti ìpínlẹ̀ lẹ fẹ́ béèrè, ẹnu ọ̀nà tó yẹ lẹ wà. Bó bá jẹ́ tiransifọ́mà kan ṣoṣo tó jóná ní àdúgbò, iléeṣẹ́ apínná ló kàn.

Ẹ wá wo Àfikún Kẹrin. Ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìtagbangba, kíkó ìdọ̀tí, fífi nọ́ńbà sára ilé, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú: káńsù ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún. Bí ẹ bá lọ bẹ aṣòfin pé kó wá bá yín kó ìdọ̀tí, ẹ ń sọ fún un pé ẹ kò ṣe iṣẹ́ yín nìyẹn, kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ká ní iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì tí òfin ti fi sọ́wọ́ káńsù. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ òfin àti àbójútó, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ.

Owó orí ilé jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Àfikún Kẹrin ní káńsù ni yóò díye lé ilé àdáni láti gba owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò sọ bí owó náà ṣe máa rí. Káńsù ló ni iṣẹ́, Ilé ló ni ìwọ̀n. Bí ìwọ̀n tó wà nínú òfin bá ti gbó, tí owó tí ẹ ń gbà kò tó sanwó ẹni tó lọ gbà á, kò sí ohun tí alága lè dá ṣe sí i. Aṣòfin nìkan ló lè tún un ṣe. Ní Èkó, òfin Land Use Charge ti da owó orí ilé pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn lórí ilẹ̀, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2018 àti 2020. Káńsù tó bá wà níbẹ̀ kò ní béèrè ìwọ̀n tuntun, ìpín tó ń kan òun nínú owó náà ni yóò gbé wá.

Ọ̀rọ̀ owó láti àpò àpapọ̀ kò kúrò lára iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀. Abala 7 ní kí Ilé Aṣòfin ṣètò bí owó ìpínlẹ̀ ṣe máa kan ìjọba ìbílẹ̀. Abala 162 ní Ilé ni yóò là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa pín owó àwọn káńsù láàárín wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí ìpínlẹ̀ má ṣe di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, àti pé ìgbìmọ̀ adelé tí gómìnà yàn kò bófin mu. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìjà ti parí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ tó tako ìdájọ́ kì í fúnra rẹ̀ pa rẹ́ nínú ìwé. Ẹnì kan ní láti dìde nínú Ilé, kó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú ìwé yín kìkì nítorí pé ọba, ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ló dá a. Ẹ lè bu ọlá fún wọn lọ́nà mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá gba òfin, ìṣúná tàbí àbójútó, ẹ bá wọn kọ lẹ́tà sí ibi tó kàn, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú ìwé ti ọnọ́rébù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tó kù, ẹ lè kọ abala òfin kan, orúkọ iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan, tàbí ojú ìwé kan nínú ìṣúná. Èyí tí ẹ kò bá rí nǹkan kọ sí, kò tíì tó gbé jáde.

Ìpele kejì: Ẹ mú mẹ́ta, kí káńsù fọwọ́ sí i

Mẹ́ta ni mo sọ. Bó bá ti di méje, ọnọ́rébù ni yóò mú èyí tó rọrùn jù fún un, ẹ̀yin kọ́.

Ẹ fi ìbéèrè wọ̀nyí sẹ́ ẹ. Ṣé ó kan wọ́ọ̀dù tó pọ̀? Ṣé ó lè parí kí Ilé yìí tó túká? Ọdún mẹ́rin péré ni Ilé kọ̀ọ̀kan ní láti ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ jókòó. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 yóò parí ní oṣù Kẹfà 2027, iṣẹ́ tí wọn kò bá sì parí á ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ níwájú Ilé tuntun. Ìbéèrè kẹta: ṣé owó ńlá ló máa jáde lápò ìpínlẹ̀? Ó dára kí ọ̀kan ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀, irú bíi títún gbólóhùn kan ṣe nínú òfin. Òun ló máa ń kọ́kọ́ yọrí, ó sì máa ń fún gbogbo yín lókun.

Lẹ́yìn èyí, kí àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀, kí wọ́n jiyàn rẹ̀, kí wọ́n dìbò, kí akọ̀wé kọ ìpinnu náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé alága nìkan á jókòó sí ọ́fíìsì, á mú mẹ́ta tó wù ú. Kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n kò pè á gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ọnọ́rébù lálẹ́, á ní ọ̀rọ̀ káńsù kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ alága ni. Lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ bàjẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé ìpinnu kan wà, ó ní ọjọ́, ó ní iye ìbò, àwọn tó pọ̀ jù ti fọwọ́ sí i. Kánsẹ́lọ̀ tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà lè dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ìwé.

Ìpele kẹta: Ojú ìwé kan fún ọ̀rọ̀ kan

Ẹ wo ohun tí káńsù máa ń kọ:

"A ń fi ìrẹ̀lẹ̀ rọ Ọnọ́rébù kí wọ́n ṣàánú wa lórí ìṣòro omíyalé tó ti ń dààmú àwọn ará ọjà wa láti ọjọ́ pípẹ́."

Kí ni aṣòfin fẹ́ fi èyí ṣe? Kò sí ibi tí yóò gbé e sí nínú Ilé. Ẹ wá wo bó ṣe yẹ kó rí:

"A fẹ́ kí Ọnọ́rébù fi ìlà kan sínú ìṣúná iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde fún ọdún tó ń bọ̀: gọ́tà onísìmẹ́ńtì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì, láti ẹnu géètì ọjà dé orí afárá. Títì náà jẹ́ ti ìpínlẹ̀, káńsù kò lágbára láti gbẹ́ ẹ. Injiníà wa ti wọ̀n ọ́n, ìṣirò owó rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Bí wọ́n bá ṣe é tán, káńsù ni yóò máa kó ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣúná tiwa."

Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ohun tí ẹ ń béèrè, ìdí tó fi jẹ́ ti ìpínlẹ̀, iye tó máa náni, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe. Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn káńsù máa ń gbàgbé jù, òun náà ló sì máa ń mú kí aṣòfin tẹ́tí. Ẹni tó bá gbé èjìká tirẹ̀ sábẹ́ ẹrù kí ó tó ké sí ẹlòmíràn, wọ́n á dá a lóhùn.

Bó bá jẹ́ òfin lẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin báyìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀. Amòfin káńsù ni kó ṣe é. Aṣòfin tó bá gba gbólóhùn tí wọ́n ti kọ tán lè gbé e lọ fún àwọn tó ń kọ àbádòfin nínú Ilé lọ́jọ́ kejì. Aṣòfin tó bá gba ẹ̀dùn ọkàn lásán á ní láti wá ẹni tó máa sọ ọ́ di òfin, kì í sì í sábà rí i.

Ẹ má kọ iye tí ẹ kò kà. Bí ẹ bá kọ pé ṣọ́ọ̀bù ọ̀ọ́dúnrún ni omi ń wọ̀, kí ẹnì kan ti lọ kà á láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kí orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tó kà á sì wà nínú fáìlì. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ tako yín, iye tí kò dúró dáadáa ló máa kọ́kọ́ dì mú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ará káńsù ní ojú ìwé náà. Lẹ́yìn tó bá kà á tán, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n ń béèrè, lọ́wọ́ ta ni?" Bí kò bá lè fi gbólóhùn kan dáhùn, ẹ padà lọ tún un kọ.

Ìpele kẹrin: Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń lọ bá, kí ẹ mọ àsìkò

Ẹkùn ìdìbò aṣòfin àti ààlà káńsù kì í sábà dọ́gba. Ní Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà nínú ìwé òfin, aṣòfin 40, méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, aṣòfin 32. Ọ̀ṣun ní 30, aṣòfin 26. Èkìtì ní 16, Ondó 18, Ògùn 20, aṣòfin 26 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní. Kwara ní 16, aṣòfin 24. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí aṣòfin méjì ní ìpín nínú káńsù yín, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti káńsù ẹ̀gbẹ́ yín jọ ní ẹyọ kan.

Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ pè wọ́n, inú yàrá kan náà. Bí ọ̀kan bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu èkejì, ọ̀tẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin àti káńsù mìíràn lẹ jọ ni ẹyọ kan, ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ara ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yín má bàa forí gbárí níwájú rẹ̀.

Àsìkò ṣe pàtàkì ju ẹnu dídùn lọ. Abala 121 ní kí gómìnà gbé àbá ìṣúná síwájú Ilé kí ọdún ìṣúná tuntun tó bẹ̀rẹ̀, oṣù Kíní sì ni ọdún náà ń bẹ̀rẹ̀. Kí àbá náà tó dé Ilé, àwọn iléeṣẹ́ ti kọ tiwọn láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Ìmọ̀ràn mi ni pé láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni kí ẹ lọ lórí ọ̀rọ̀ ìṣúná. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kọkànlá, àfi kó yọ lára ohun ẹlòmíràn kó tó rí àyè.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà wà níbẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Alága àti ọnọ́rébù lè wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó tún le jù ni pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, tí ọnọ́rébù sì ń fura pé àga òun ni alága ń wò. Bó bá rí báyìí, kí olórí àwọn kánsẹ́lọ̀ ló fọwọ́ sí lẹ́tà ìpàdé, ní orúkọ káńsù. Ẹ má fi fọ́tò alága sórí ohunkóhun. Kí ó hàn pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà ni yóò gba oríyìn rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mọ orúkọ aṣòfin yín, ìgbìmọ̀ tó wà, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ọjọ́ tí Ilé kò ní jókòó.

Ìpele karùn-ún: Ọjọ́ ìpàdé

Ènìyàn mẹ́rin ti tó: alága, olórí àwọn kánsẹ́lọ̀, akọ̀wé, àti ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà láti inú wá, bíi injiníà tàbí akápò. Gbọ̀ngàn káńsù tàbí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ẹkùn ni kí ó ti wáyé. Òde ìnáwó kọ́, ilé rẹ̀ ní alẹ́ náà kọ́, níbi tí ogún ènìyàn ti jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń dúró dè é.

Ẹ kí i bó ṣe yẹ kí a kí àgbà tàbí àlejò, kódà bó bá jẹ́ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n kí ìkíni má gba ìdajì wákàtí, kí oríkì má jẹ́ ohun tó gba àsìkò yín.

Ẹnì kan ni kó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó lè lọ báyìí:

"Ọnọ́rébù, ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú. Ohun mẹ́ta péré la gbé wá, káńsù dìbò sí i, ìwé ìpinnu náà nìyí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin, kò náni lówó."

Bí ó bá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, màá wò ó," ẹ má dìde. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "A dúpẹ́, sà. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ rò pé ó lè kọ́kọ́ dé Ilé? Ta sì ni kí akọ̀wé wa máa pè nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín?"

Bí ó bá ní, "Gómìnà kò ní gbà," ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé, "Iléeṣẹ́ wo ló máa tako ó, sà? Kí ni wọ́n máa sọ?" Nígbà mìíràn ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ òótọ́ tí ẹ kò mọ̀, irú bíi pé àbádòfin kan tó jọ ọ́ ti wà nínú Ilé tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbẹ́ kànga kan ní wọ́ọ̀dù kẹta," ẹ dúpẹ́, ẹ gbà á bó bá wúlò, kí ẹ sì padà sórí ọ̀rọ̀. Kànga kò lè rọ́pò òfin. Mo sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí mo mọ bó ṣe ń dùn tó láti mú nǹkan tí a lè fojú rí padà sílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ohun tí òun nílò lọ́wọ́ yín. Ìbò kan ṣoṣo ló ní. Nínú Ilé ẹni 26, bí gbogbo wọn bá jókòó, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan bí ẹni méjìlá sí mẹ́tàlá mìíràn tí yóò bá a dìbò. Bí káńsù mẹ́rin-márùn-ún mìíràn bá ní irú ìṣòro yín, tí ẹ sì ti bá wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn náà ti lọ bá aṣòfin tiwọn, ẹ ti gbé ẹrù tó wúwo jù kúrò lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn alága káńsù, ALGON, wúlò gan-an níbí.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi lórí owó. Ẹ má fi àpò ìwé lé e lọ́wọ́, ẹ má pè é ní owó epo. Ìlànà ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin kọ̀ fún un láti gba ọrẹ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, owó káńsù náà kì í sì í ṣe tiyín láti fi ta ọrẹ. Omi àti ìpápánu tó wà lórí tábìlì ti tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ó tó wọ mọ́tò, ẹ ti ní ohun kan tó sọ pé òun máa ṣe, orúkọ ẹni tí ẹ máa pè, àti ọjọ́. Bí ẹ bá ní fọ́tò nìkan, ìpàdé kò tíì wáyé.

Ìpele kẹfà: Lẹ́tà ọjọ́ kejì

Kí ọjọ́ méjì tó kọjá, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú: ẹ dúpẹ́, ẹ kọ ohun tó ṣèlérí gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin náà ṣèlérí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ tó kàn. Ẹni tó bá gbé e lọ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ padà. WhatsApp dára fún ìránnilétí, kò dára fún ẹ̀rí.

Ìpele keje: Ẹ tẹ̀lé e wọ inú Ilé

Ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àbá àti àbádòfin. Bí ọnọ́rébù bá dìde dá àbá, tí Ilé fọwọ́ sí i pé kí gómìnà tún títì kan ṣe, ìpinnu lásán ni. Kò de gómìnà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ti jó, wọ́n ti yọ̀, wọ́n sì wá ń bínú lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá jẹ́ òfin lẹ béèrè, òfin ni kí ẹ dúró dè.

Àbádòfin máa ń gba kíkà àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n kàn máa ka àkọlé rẹ̀. Kíkà kejì ni wọ́n ti máa jiyàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, níbi tí wọ́n ti lè pe ará ìlú sí ìjókòó ìtagbangba. Ibí ni iṣẹ́ tún dé ọwọ́ yín. Ẹ kọ ìwé èrò káńsù, ẹ gbé ẹ̀dà tó tó ènìyàn gbogbo inú ìgbìmọ̀ lọ, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn dání láti sọ tẹnu rẹ̀. Ìyálọ́jà tó lè sọ bí omi ṣe gbé gaàrí rẹ̀ lọ á wọ̀ wọ́n létí ju alága lọ.

Bí Ilé bá gbà á ní kíkà kẹta, ó di ti gómìnà. Abala 100 fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Ilé lè tún un gbé jáde pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, yóò sì di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà. Ìyẹn ẹni 18 nínú 26, 22 nínú 32, 27 nínú 40. Kò wọ́pọ̀. Ó sàn kí ẹ ti bá iléeṣẹ́ tó kàn sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ẹ tún máa ṣọ́ àbádòfin tí ẹ̀yin kò béèrè. Ní Anambra, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìdájọ́ ti 2024, Ilé Aṣòfin wọn gbé òfin tuntun jáde lórí ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, tó ní kí káńsù máa dá lára owó wọn sínú àpò àjùmọ̀lò. Káńsù tí kì í wo ìwé ètò ìjókòó Ilé, ẹ̀yìn tí gómìnà bá ti fọwọ́ sí i ni yóò gbọ́. Kí akọ̀wé yín máa béèrè ìwé ètò yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Ilé bá ń jókòó.

Ní ti ìṣúná, bí gómìnà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ wá ìlà yín. Kó má jẹ́ ìlà gbogboogbò bíi "àtúnṣe gọ́tà káàkiri ìpínlẹ̀", nítorí ìyẹn lè parí sí ìlú ẹlòmíràn. Orúkọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wíwà nínú ìṣúná kò sì ní kí owó jáde. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí ọnọ́rébù pé kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàbójútó iléeṣẹ́ náà béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, kí ẹ so fọ́tò ibẹ̀ mọ́ ọn, tó ní ọjọ́ lára.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún òfin, ẹ̀dà gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, ìwé tí ìjọba ń tẹ òfin tuntun sí, wà nínú fáìlì káńsù. Fún ìṣúná, nọ́ńbà ìlà náà àti iye owó rẹ̀ wà níbẹ̀, tí orúkọ ìlú yín sì hàn kedere. Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ mú ojú ìwé rẹ̀ jáde, ẹ tún iye àti ọjọ́ inú rẹ̀ ṣe, kí káńsù tún dìbò lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè ọjọ́ ìpàdé mìíràn kí oṣù Kẹfà tó wọlé.